Àbàtà Ẹ̀yìn Ilé Wa ní Ẹ̀pẹ́: Bí Ilẹ̀ Ṣe Gbiná àti Bí A Ṣe Dá Omi Padà

Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kejì ọdún 2021 ni Bàbá Kékeré pè mí lórí fóònù. Wọn ò kí mi, wọn ò bèèrè ọmọ, wọ́n kàn ní, "Ilẹ̀ ń jó o." Mo ní ṣé igbó ni? Wọ́n ní, "Mi ò pè é ní igbó. Ilẹ̀ ni mo pè é. Máa bọ̀."

Mi ò lóye ohun tí wọ́n ń sọ títí mo fi débẹ̀. Ẹ̀yìn abúlé wa ni, lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ sí Ìtóìkín, níbi tí ilẹ̀ ti ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ bá ọ̀sà. Èéfín tín-ín-rín ń rú látinú ilẹ̀ ní bí ojú mẹ́fà tàbí méje, kò sí ahọ́n iná kankan, kò sí ìró iná, igi ṣì wà lóòró, koríko tútù ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí èéfín ti ń jáde. Bàbá Kékeré ti àdá bọ ilẹ̀ títí dé èèkù, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n fà á yọ, wọ́n ní kí n fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ọn. Irin yẹn gbóná débi pé mi ò lè fọwọ́ kàn án. Ihò tí àdá ti jáde wá bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín tiẹ̀ náà.

A ń da omi sí i, garawa lórí garawa, ó máa ṣe ṣàà, ó máa dákẹ́, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ ó ti yọ níbòmíì. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko la fi ń sá tẹ̀ lé e. Igi abùrà kan wà níbẹ̀ tó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá mi, a fi í sílẹ̀ lóòró lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ a bá a ní dídùbúlẹ̀, iná ti jẹ gbòǹgbò rẹ̀ tán lábẹ́ ilẹ̀, ewé orí rẹ̀ sì ṣì tutù yọ̀yọ̀. Mi ò tíì gbàgbé ewé yẹn.

Ohun tó dùn mí jù ni pé kì í ṣe ọ̀tá ló ṣe é fún wa. Igi la ní ká gbìn.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àbàtà takété bí ẹni pé kò bá odò tan. Tiwa bá odò tan, ó bá kànga tan, ó bá ọ̀sà tan, ó tún bá àwọn ìyá tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo tan. Ògùrọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, abùrà ló ga jù, ọ̀pẹ wà níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀. Wọ́n ń dá ẹmu níbẹ̀, wọ́n ń fi ewé ògùrọ̀ bo òrùlé, a ń ṣa ìgbín níbẹ̀ nígbà tí a wà lọ́mọdé. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa tí omi sì kún, àrọ̀ máa ń wọ inú àbàtà wá yé ẹyin sáàárín koríko, àwọn ọmọ wọn á dàgbà díẹ̀ níbẹ̀ kí omi tó tún kó wọn lọ. Ọ̀pọ̀ ẹja tí ẹ ń rà lọ́jà, inú irú ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ṣe ọmọdé. Kò sẹ́ni tó dáko sí àárín rẹ̀ rí, a ò sì bi àwọn àgbà léèrè ìdí rẹ̀.

Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, kì í ṣe dúdú ti ilẹ̀ oko, ó dà bíi ọṣẹ dúdú tí wọ́n pò mọ́ omi. Tẹ́ ẹ bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ máa rí ìrù ewé, èèpo igi, òwú ọ̀pẹ nínú rẹ̀ tí kò tíì jẹrà, tẹ́ ẹ bá fún un, omi á máa ṣàn jáde bíi ti kànìnkànìn. Peat làwọn òyìnbó ń pè é. Àwọn tó ń kọ́lé ní Èkó mọ̀ ọ́n dáadáa, tí wọ́n bá ti bá a nílẹ̀ wọ́n á ní kí wọ́n kó o dànù kí wọ́n da yanrìn sí i torí pé kò lè gbé ilé. Bó ṣe ń di ilẹ̀ ni pé ewé ń já bọ́ sínú omi, afẹ́fẹ́ kì í dé ìsàlẹ̀ omi yẹn dáadáa, nítorí náà ewé yẹn kì í jẹrà tán, òmíràn á tún já lé e, ọdún á gorí ọdún. Lọ́pọ̀ ibi, kì í ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ lọ́dún. Ẹ wá wò ó, ilẹ̀ tó jìn tó mítà kan, bí ẹgbẹ̀rún ọdún ni omi fi ń tọ́jú rẹ̀. Gbogbo kábọ́ọ̀nù tí ewé yẹn ti fà láti ojú afẹ́fẹ́, ìyẹn ohun tó máa ń di èéfín tó ń mú ayé gbóná tó bá tú jáde, inú ibẹ̀ ló wà. Irú ilẹ̀ yìí ò ju bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ayé lọ, àmọ́ kábọ́ọ̀nù tó wà nínú rẹ̀ ju ti gbogbo igi tó wà nínú gbogbo igbó ayé lápapọ̀ lọ.

Èmi ò mọ èyí lọ́dún 2017 tí àwọn tó fẹ́ ká gbin igi fi wá bá wa. Wọn ò fi ibi wá o, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Wọ́n ní ilẹ̀ yìí kàn wà lásán ni, wọ́n ní ojú ọjọ́ ti ń yí padà, igi gbígbìn ni àtúnṣe, àwọn á fún wa ní ọmọ igi lọ́fẹ̀ẹ́, a ó sì tún rí igi tà lọ́la. Èmi gan-an ni mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn fún àwọn àgbà, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n gé lára ògùrọ̀ wa kúrò. Wọ́n wa gọ́tà mẹ́rin tó jìn tó ìgbáàyà èèyàn láti inú àbàtà lọ sínú odò, torí pé irú igi tí wọ́n kó wá ò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun wà nínú omi. Gmelina ni, èyí tí wọ́n ń gbìn rẹpẹtẹ nígbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ṣe bébà ní Ìwòpin, àti eucalyptus tó wá láti Ọsirélíà, tó sì mọ omi í mu ju bó ṣe yẹ lọ. Ìkankan nínú méjèèjì kì í ṣe igi àbàtà.

Ọdún àkọ́kọ́ dùn ún wò, mo yà á ní fọ́tò, mo fi hàn káàkiri. Lọ́dún kejì, Ìyá Ẹlẹ́ja sọ fún mi pé àrọ̀ ò wọlé wá mọ́, mo ní bóyá òjò ni ò tó. Lọ́dún kẹta, kànga tí kì í gbẹ gbẹ lóṣù kìíní. Ní àkókò yẹn náà ni Bàbá Kékeré fi ìdí abùrà kan hàn mí, gbòǹgbò rẹ̀ ti yọ síta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kí ọmọ ewúrẹ́ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, mo rò pé àgbàrá ló gbá ilẹ̀ lọ. Àgbàrá kọ́. Ilẹ̀ ló ń jókòó. Nígbà tí omi ti kúrò nínú rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ti ráyè wọlé, gbogbo ewé tí kò jẹrà fún ẹgbẹ̀rún ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń di èéfín tí ojú ò rí, ilẹ̀ ń súnkì, ó ń wálẹ̀. Ohun tí a ní a fẹ́ fi igi gbígbìn dá dúró, àwa là ń tú u sáfẹ́fẹ́. Nígbà tí ọyẹ́ wá gbẹ ẹ́ tán, ẹnì kan sun pápá ní oko tó wà lókè, ó sì ti parí.

Lẹ́yìn tí òjò ti pa ohun tó ṣẹ́ kù nínú iná yẹn ni mo jókòó ti fóònù mi fún ọ̀pọ̀ òru, tí mo ń wá bóyá ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn rí. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wọn o. Ní òkè àríwá Skọ́tlándì ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Flow Country, ilẹ̀ àbàtà tó fẹ̀ tó nǹkan bí hẹ́kítà 400,000, níbòmíì nínú rẹ̀ peat yẹn jìn tó mítà mẹ́wàá. Títí di ọdún 1988, ìjọba ibẹ̀ ń dín owó orí kù fún àwọn olówó tó bá gbin igi, bí wọ́n ṣe wa gọ́tà sínú ilẹ̀ yẹn nìyẹn tí wọ́n gbin igi pine àti irú rẹ̀ láti òkèèrè sí i. Ilẹ̀ gbẹ, àwọn ẹyẹ tó ń yé ẹyin lórí ilẹ̀ gbalasa ibẹ̀ sá lọ. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi tí wọ́n fi owó ńlá gbìn, wọ́n sì ń dí gọ́tà pa. Lẹ́yìn tí mo ti ka ìtàn yẹn, lọ́dún 2024, ni àjọ UNESCO kọ orúkọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá ayé. Lóru tí mo kà nípa igi àti gọ́tà wọn, omi bọ́ lójú mi, torí pé ó dà bíi pé wọ́n ń ka ìtàn abúlé wa fún mi ní èdè ẹlòmíràn.

Ti Indonéṣíà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn náà fa omi àbàtà kúrò kí wọ́n lè gbin ọ̀pẹ, lọ́dún 2015 iná jó bíi hẹ́kítà mílíọ̀nù 2.6, èéfín rẹ̀ bo Síngápọ̀ àti Màléṣíà, àwọn ọmọdé ò lè lọ síléèwé. Lóṣù kìíní ọdún 2016 ni ìjọba wọn dá àjọ kan sílẹ̀ fún àtúnṣe àbàtà nìkan, lọ́dún yẹn náà ni wọ́n ṣòfin pé omi inú ilẹ̀ àbàtà ò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ ju sẹ̀ntímítà 40 lọ. Nílẹ̀ Áfíríkà níbí ńkọ́? Ọdún 2017, ọdún tí à ń wa gọ́tà, ni àwọn onímọ̀ gbé àwòrán àbàtà àárín Kóńgò jáde, ó fẹ̀ tó kìlómítà 145,500 níbùú lóòró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá tó wà ní Nàìjíríà, kábọ́ọ̀nù tó wà níbẹ̀ sì tó bílíọ̀nù 30 tọ́ọ̀nù. Igi ògùrọ̀ pọ̀ níbẹ̀ bíi tiwa.

Oṣù kẹrin ọdún 2021 yẹn náà la ṣèpàdé ẹbí. Kò rọrùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní kí a yé yọ ara wa lẹ́nu, pé láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ìfọpo ńlá yẹn sí Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, ojoojúmọ́ ni àwọn tó ń ra ilẹ̀ ń wá sí Ẹ̀pẹ́, ká da yanrìn sí i, ká gé e ní pulọ́ọ̀tì, ká pín owó. Mi ò bú u, owó iléèwé ọmọ mẹ́ta wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́ja ló dá a lóhùn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ tà á. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ná owó yẹn tán, ta ló máa ta omi padà fún yín?" Wọ́n tún ní òjò tó ń rọ̀ sórí abúlé wa, inú àbàtà ló ń sá sí, tí wọ́n bá da yanrìn sí i, inú yàrá wa ló máa wá sùn. A ti rí i ní àwọn ẹ́sítéètì tó wà lójú ọ̀nà Lẹ́kkí, a ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé rẹ̀. Ẹbí wá fún wa ní ọdún mẹ́ta kí a fi gbìyànjú láti dá omi padà.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo mú Bàbá Kékeré lọ sí Lekki Conservation Centre. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ló dá ẹgbẹ́ tó ni ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1980, Olóyè S. L. Edu, inú Bàbá Kékeré dùn sí ìyẹn ju ọ̀bọ tó wà níbẹ̀ lọ. Hẹ́kítà 78 ni ilẹ̀ ibẹ̀, orí pákó lèèyàn ń rìn la inú àbàtà kọjá. Bàbá Kékeré dúró lórí pákó, wọ́n ń wo omi dúdú tó dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ó pẹ́, wọ́n wá ní, "Wọ́n fi omi sílẹ̀ kó jókòó." Ìyẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà. Kí omi kọ́kọ́ jókòó ná.

Èyí tí a kọ́kọ́ ṣe bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ torí pé ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Ibi tí gọ́tà ti ń wọ odò la lọ dí, nísàlẹ̀ pátápátá, a ní ṣebí ibẹ̀ lomi ti ń jáde. A ri ọparun mọ́lẹ̀ ní ìlà méjì, a kó àpò yanrìn sáàárín. Òjò oṣù kẹfà dé, gbogbo omi gọ́tà yẹn láti òkè délẹ̀ wá ti àpò wa lẹ́ẹ̀kan náà, kò gba orí rẹ̀ kọjá, ẹ̀gbẹ́ ló gbà, ó gbẹ́ ilẹ̀ rírọ̀ ẹ̀gbẹ́ gọ́tà lọ, ó yí ìdènà wa po, láàárọ̀ ọjọ́ kejì ọparun wa dúró ṣinṣin láàárín gọ́tà, omi sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ.

Àṣé láti òkè lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa dí ibi tí omi ṣì kéré, ẹ wá máa sọ̀ kalẹ̀, ẹ máa to ìdènà tẹ̀ léra bí àtẹ̀gùn, kí omi tí ìdènà ìsàlẹ̀ dá dúró padà sẹ́yìn dé ẹsẹ̀ ti òkè, kí ó má sí èyí tó máa nìkan ru gbogbo ẹrù. Ẹ sì gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ gọ́tà wọlé kí ìdènà wọ inú ilẹ̀ lápá ọ̀tún àti òsì, kí àárín rẹ̀ sì rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ lọ kí omi tó bá pọ̀ jù lè gba àárín kọjá. A pa yanrìn tì, yanrìn ń jo, amọ̀ la kì sínú àpò. Amọ̀ wúwo gan-an, àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo, àwọn ìyá ń se ìkòkorẹ́ fún wọn, bí a ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ Sátidé dé Sátidé nìyẹn. Gọ́tà mẹ́ta la dí tán kí ọdún Káyókáyó tí wọ́n ń ṣe ní Ẹ̀pẹ́ tó dé, wọ́n sì kúrò níbi iṣẹ́ lọ jó.

Igi tí wọ́n gbìn ńkọ́? A gé e, ó sì dun àwọn kan pé a ń gé igi. Gmelina kì í kú tí wọ́n bá gé e, á tún hù láti ìdí, eucalyptus náà bẹ́ẹ̀, ọdún méjì la fi ń padà lọ gé ọ̀mùnú rẹ̀. A ta díẹ̀ fún àwọn tó ń yan ẹja, a fi díẹ̀ ṣe òpó. Láti gbin ti ilẹ̀ wa padà gba sùúrù ju bí mo ṣe rò lọ. Èso abùrà dà bí eruku, tẹ́ ẹ bá mí sí i ó ti lọ, inú àtẹ kan tí mo gbìn ín sí, èyí tó hù ò tó nǹkan. Kóró ògùrọ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀ kó tó yọjú, ògùrọ̀ fúnra rẹ̀ sì rèé, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń so láyé rẹ̀, tó bá ti so tán ó di kó kú, nítorí náà àwọn èyí tí wọ́n gé ní 2017 tí wọn ò tíì so, àtiṣe irú-ọmọ wọn ti bá wọn lọ. Ohun tó ṣiṣẹ́ jù ni pé a hú àwọn ọmọ tó ti hù fúnra wọn lábẹ́ ìyá wọn, a gbé wọn lọ síbi tí ilẹ̀ ti ṣófo. Ohun tó yà mí lẹ́nu sì ni iye ohun tó hù láìsí ẹni tó gbìn ín, gbàrà tí omi padà dé.

Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ló kọ́kọ́ dé. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní 2022 mo gbé fóònù síta kí Bàbá Kékeré lè gbọ́ ariwo wọn, wọ́n ní àwọn náà ti ń gbọ́ ọ láti inú ilé tàwọn. Awọ́nríwọ́n padà wá, ẹyẹ tó ń pẹja ń jókòó lórí ìdènà wa. Lọ́dún 2023, Ìyá Ẹlẹ́ja fi igbá gbọ́n ọmọ àrọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà kejì, wọ́n ò tóbi ju ìka ọmọdé lọ, wọ́n kàn wò wọ́n, wọ́n dà wọ́n padà sómi. A ò tíì rí ọ̀nì o.

Ohun kan wà tí mi ò ní fi pamọ́. Tí omi bá bo ẹrẹ̀, gáàsì kan tó ń jẹ́ methane máa ń hó jáde, ẹ máa rí i bó ṣe ń ta bọ́ń-bọ́ń lójú omi, ó sì burú fún ojú ọjọ́. Àmọ́ methane kì í lò ju bí ọdún 12 lọ lójú ọ̀run kó tó tú ká, èéfín tí ilẹ̀ gbígbẹ ń tú jáde ò ní lọ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, nítorí náà dídá omi padà ṣì dára ju fífi í sílẹ̀ lọ. A ń gbìyànjú kí omi má jìn jù, kó kàn kún dé etí ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Bàbá Kékeré fi fi ọ̀bẹ kọ ojú ọ̀pá ọparun kan, wọ́n rì í mọ́lẹ̀, wọ́n ń lọ wò ó ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló bọ́ sí i. Ibi tí iná ti jẹ ilẹ̀ jù ti di kòtò, omi ibẹ̀ jìn ju ohun tí ọmọ igi lè fara dà, ẹ̀ẹ̀mejì la ti gbìn síbẹ̀ tó sì kú, a ti fi í sílẹ̀ fún ẹja. Àwọn kan ń ráhùn ẹ̀fọn, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́, a ń pín nẹ́ẹ̀tì. Ọdún mẹ́ta tí wọ́n fún wa ti kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yẹn ò tíì tún dá ọ̀rọ̀ pulọ́ọ̀tì sílẹ̀, kànga ò sì gbẹ lóṣù kìíní tó kọjá yìí.

Gọ́tà kẹrin ṣì wà ní ṣíṣí. Ìdajì rẹ̀ gba ilẹ̀ ẹlòmíràn kọjá, ẹ̀rù ń bà á pé omi á wọ oko ẹ̀gẹ́ òun, nígbà ọyẹ́ sì rèé, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ náà ni ọ̀pá Bàbá Kékeré ti máa ń kọ́kọ́ gbẹ. A ti lọ bá a lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní ká padà wá lẹ́yìn Iléyá, Ìyá Ẹlẹ́ja sì ní àwọn náà á bá wa lọ.